Ta Ló Ni Láptọ́ọ̀pù Ní Ọdún Kẹfà?

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ èrò mi lórí bí ìrísí àti ìkọ́ láptọ́ọ̀pù iléeṣẹ́ ṣe ń yí padà. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tò sórí àtẹ fún ẹni tó fẹ́ máa wo fíìmù nínú yàrá. Èyí tí báǹkì, ọ́fíìsì amòfin, àjọ ìjọba àti yunifásítì ń rà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni: ThinkPad, Latitude tí Dell ń ṣe tẹ́lẹ̀, EliteBook ti HP. Ẹ̀sùn tí àwọn tó mọ̀ wọ́n lò ń fi kàn wọ́n kò ju ọ̀kan lọ, pé ti àtijọ́ le, ti ìsinsìnyí gbẹgẹ́. Mo gba apá kan nínú ẹ̀sùn náà, mo sì ta ko apá kejì. Ara ẹ̀rọ kò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n tì pa. Ẹ̀rọ òde òní le tó fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti tọ́jú fún ẹni tí yóò lò ó tẹ̀ lé e, àti fún ẹni tí yóò tún gbà á lọ́wọ́ onítọ̀hún. Àwọn ẹni ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ gbẹnu sọ fún lónìí, torí pé àwa tí a jókòó síbí yìí wà lára wọn.

ThinkPad ni n ó fi ṣe ẹ̀rí, nítorí pé ìtàn rẹ̀ gùn, ó sì ṣeé tọ̀ láti ọdún dé ọdún. Oṣù Kẹwàá ọdún 1992 ni IBM gbé ThinkPad 700C jáde. Richard Sapper, ọmọ Jámánì tó fi Milan ní Ítálì ṣe ibùgbé, ló ya ìrísí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ IBM ní Yamato, lórílẹ̀-èdè Jàpáànì, tí Arimasa Naitoh ṣáájú wọn, ló kọ́ ọ. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ ni. Kò ní ọ̀ṣọ́ kankan bí kò ṣe bọ́tìnnì pupa bíńtín kan láàárín kííbọọ̀dù, èyí tí ìka fi ń darí atọ́ka ojú ẹ̀rọ. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 3, wọ́n sì ń ta á ní dọ́là 4,350 nígbà tí dọ́là ṣì jẹ́ owó. Ẹni tó bá ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan kò ní gbà kí ó kú sí òun lọ́wọ́ lọ́dún kejì, IBM náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé àtúnṣe jáde fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: síkúrù tí a ó kọ́kọ́ tú, bí ó ṣe gùn tó, àti nọ́ńbà tí a ó fi béèrè fún ẹ̀yà tó bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè rí ìwé náà gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Lenovo tó ra ThinkPad lọ́wọ́ IBM ṣì ń gbé e jáde títí dòní, mo sì gbà pé ó yẹ kí a yìn wọ́n fún un ká tó bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn wí.

Ẹ dojú ThinkPad T420 tó jáde lọ́dún 2011 bolẹ̀, kí ẹ rí ohun tí ìwé yẹn ń sọ. Bátìrì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ti ahọ́n kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, bátìrì yọ sí yín lọ́wọ́. Síkúrù kan ṣoṣo ló di ojú ihò háàdì dísíìkì ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ tú u, ẹ fà á jáde. Àwọn síkúrù tó di kííbọọ̀dù mú ní àmì kííbọọ̀dù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ẹni tó ń tú u má baà ṣi ti ibòmíràn tú. Wọ́n la ojú ọ̀nà sísàlẹ̀ fún omi, kí tíì tó bá dà sórí kííbọọ̀dù lè gba abẹ́ jáde dípò kó lọ kún bọ́ọ̀dù. Ihò tí a ń ki ṣájà bọ̀ wà lórí wáyà tirẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Tó bá yẹ̀, wáyà yẹn nìkan la ó pààrọ̀. Sikudiráfà kan ti tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá rántí kẹ̀kẹ́ Raleigh àwọn baba wa yóò mọ irú ẹ̀rọ tí mò ń wí: wọ́n pààrọ̀ táyà, wọ́n pààrọ̀ ṣéènì, wọ́n pààrọ̀ ìjókòó, férémù kan náà sì ń gbé wọn lọ sóko.

Àyípadà kò dé lọ́jọ́ kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, Steve Jobs fa MacBook Air yọ látinú àpòòwé lójú èrò ní San Francisco, láti ìgbà náà sì ni aráyé ti ń fi títínrín díwọ̀n ẹ̀rọ. Lọ́dún 2011, Intel ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti fi ti ìyókù sí ọ̀nà kan náà, wọ́n sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Ultrabook. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ThinkPad X1 Carbon dé pẹ̀lú rámù tí wọ́n fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù, tí ohun tí o bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fi jẹ́ ohun tí wàá lò títí ẹ̀rọ yóò fi kú. Ọdún yẹn kan náà ni kííbọọ̀dù onílà méje tí àwọn olólùfẹ́ ThinkPad ń fi yangàn di onílà mẹ́fà lórí T430. Lọ́dún 2013 ni wọ́n yọ bọ́tìnnì mẹ́ta tó ń bá bọ́tìnnì pupa ṣiṣẹ́ kúrò lórí T440, ariwo sì pọ̀ débi pé wọ́n dá wọn padà sórí T450 lọ́dún 2015. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nígbà tí àwọn olùrà pariwo, wọ́n gbọ́. T480 ti ọdún 2018, pẹ̀lú T580 ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ìdílé T fi parí ọ̀rọ̀ bátìrì tí a lè yọ látìta. T490 tó dé lọ́dún 2019 ti bátìrì mọ́ inú, ó sì jó ìdajì rámù mọ́ bọ́ọ̀dù, ó fi ihò kan péré sílẹ̀. Ariwo kò pọ̀ tó ti bọ́tìnnì. Ẹni tó ra T490 tuntun kò mọ nǹkan kan lára. Ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n lára kò tíì rà á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti dá ẹjọ́ yìí kíákíá: wọ́n ní ọjọ́ tí IBM ta ThinkPad fún àwọn ará Ṣáínà ni nǹkan ti bàjẹ́. Oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni wọ́n kéde títà náà, oṣù Karùn-ún ọdún 2005 ló sì parí. Ẹ̀rí kò gbe ẹjọ́ wọn. T60 jáde lọ́dún 2006, lẹ́yìn títà náà, pẹ̀lú egungun magnẹ́síọ́mù nínú rẹ̀ tó dáàbò bo bọ́ọ̀dù. Àwọn ará Yamato kan náà ló kọ́ ọ, Naitoh ṣì wà níbẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn tí kò ta ara wọn fún Ṣáínà tọ ọ̀nà kan náà. Apple jó rámù mọ́ bọ́ọ̀dù MacBook Pro rẹ̀ olójú Retina lọ́dún 2012. HP ṣe bẹ́ẹ̀ fún EliteBook Folio 1040, Dell ṣe bẹ́ẹ̀ fún Latitude 7370. Òótọ́ ni pé EliteBook 840 àti Latitude onínọ́ńbà 5000 tọ́jú ihò rámù wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí T490 ti dín tirẹ̀ kù sí ọ̀kan, n kò sì ní fi orúkọ wọn sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dá lórí orílẹ̀-èdè kan tàbí ọ̀gá kan. Ọjà ló ń darí wọn.

Àtakò tó lágbára jù sí gbogbo ohun tí mo ti sọ ni pé èyí tó ṣẹ́ kù nìkan la fi ń dá àná lẹ́jọ́. T420 tó ṣì ń ṣiṣẹ́ là ń rí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti kú ti di ìdọ̀tí, kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n. Mo gba àtakò yìí tọwọ́tẹsẹ̀. T40, T41 àti T42 tí IBM fúnra rẹ̀ ṣe máa ń tẹ̀ díẹ̀ tí a bá fi ọwọ́ kan gbé wọn ní igun; títẹ̀ yẹn, tó bá ti pọ̀, máa ń la òjé abẹ́ ṣíípù tó ń gbé àwòrán, ojú ẹ̀rọ á sì ṣú. Ní oṣù Keje ọdún 2008, Nvidia kéde pé òun yóò ya 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ṣíípù rẹ̀ tó ń kú nínú láptọ́ọ̀pù, T61 sì wà lára àwọn tó fara gbá a. Ojú ẹ̀rọ T420 tí iye rẹ̀ kéré jù jẹ́ 1366 lọ́nà 768; ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kò ní rí àwọ̀ gidi lójú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù onírin àná wúwo, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, háàdì dísíìkì rẹ̀ tó ń yí kì í fẹ́ ìjánu ọkọ̀ danfó. X1 Carbon àkọ́kọ́ kò ju kílò 1.36 lọ, ó sì le. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, kò bìkítà bí ó bá ṣubú. Bí a bá fi kí ẹ̀rọ má tètè bàjẹ́ nìkan ṣe òṣùwọ̀n, ti òní borí ti àná, ẹni tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ń fi ìfẹ́ sọ̀rọ̀.

Òṣùwọ̀n yẹn gan-an ni mo fẹ́ bi léèrè. Lára ìwé ìpolówó gbogbo láptọ́ọ̀pù iléeṣẹ́ lónìí, ẹ ó rí i pé ó yege nínú ìdánwò MIL-STD-810, ìlànà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń dán ohun èlò wò: ooru, òtútù, eruku, gbígbọ̀n, ìṣubú. Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì ọmọ ogun kankan tó ń fún láptọ́ọ̀pù ní ìwé ẹ̀rí. Iléeṣẹ́ tó ṣe é, tàbí yàrá àyẹ̀wò tó háyà, ló ń yan èyí tí yóò dán wò nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánwò tó wà nínú ìlànà náà, àti bí yóò ṣe le tó. Ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n sì ń dán wò. Ìdánwò náà ń sọ bóyá ẹ̀rọ yóò ṣubú kó sì dìde. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá dìde. Kò sí ìdánwò ọmọ ogun kan tó ń béèrè pé iye wákàtí mélòó ni yóò gbà láti pààrọ̀ kííbọọ̀dù, tàbí bóyá a óò rí bátìrì rẹ̀ rà lọ́dún keje.

Ẹni tó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ kò nílò ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Iléeṣẹ́ ńlá ní London tàbí Chicago máa ń ra láptọ́ọ̀pù tàbí kó háyà rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, pẹ̀lú wáráńtì tó bo ìgbà náà. Tó bá bàjẹ́, ẹnìkan á mú òmíràn wá. Bátìrì lithium tí a ti fi iná kún ní ìgbà 300 sí 500 máa ń ṣẹ́ kù bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń lọ sílẹ̀ sí i. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ á dé ibẹ̀ ní ọdún kejì tàbí ìkẹta. Ẹ wo bó ṣe bọ́ sí i gẹ́lẹ́: ìgbà tí bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀, tí kííbọọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí fo lẹ́tà, tí rámù tó tó lánàá kò tó mọ́, ni ẹni àkọ́kọ́ ń dá ẹ̀rọ padà. Gbogbo ẹ̀yà tó máa ń gbó ń gbó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ya ìrísí ẹ̀rọ, tó bá mọ̀ pé oníbàárà òun kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò rí ìdí tí yóò fi fi ihò sílẹ̀ fún ohun tí oníbàárà náà kò ní pààrọ̀ láé. N kò pè é ní ìkà. Ìṣirò owó ni, ó sì tọ̀nà fún àwọn méjèèjì tó wà nínú àdéhùn. Ẹnì kẹta ni kò sí níbi tí wọ́n ti fọwọ́ síwèé.

Ẹnì kẹta náà wà ní Ìkejà. Ẹni tó bá ti wọ Computer Village, ní òpópónà Ọ̀tìgbà àti àyíká rẹ̀, yóò rí wọn ní ìtòjọ-ìtòjọ: T-series, Latitude, EliteBook, tí lẹ́bẹ́ẹ̀lì iléeṣẹ́ tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwọn mìíràn. Tòkunbọ̀ ni wọ́n, àwọn ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìlú yìí: iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ ayàwòrán, iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìṣirò oníṣòwò kékeré. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel fún ilẹ̀ Áfíríkà, tó wà ní Ìbàdàn, jọ ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná tòkunbọ̀ ló ń wọlé lọ́dún nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n kì sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n dán an wò. Láàárín ohun tó ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó jẹ́ ìdọ̀tí, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ wa ló dúró síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ṣeé tú ni wọ́n ń sọ di ẹ̀rọ padà; èyí tí kò ṣeé tú ń di pàǹtírí, pàǹtírí náà a sì máa jóná ní ààtàn wa, kì í ṣe ní ti London.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí oníṣẹ́ náà ń bá pàdé lórí tábìlì. Ihò ṣájà T420 tó yẹ̀ kò gbà ju wáyà kan lọ, mo ti sọ ọ́. T480, tí mo ti dárúkọ, kò ní ihò ṣájà mìíràn ju USB-C lọ, ihò náà sì jẹ́ jíjó mọ́ bọ́ọ̀dù gangan. Ọmọ kan kọsẹ̀ lára wáyà, ihò náà mì, kò gba iná mọ́. Láti tún un ṣe, ó di kí wọ́n yọ bọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi atẹ́gùn gbígbóná yọ́ òjé abẹ́ ihò tí kò fẹ̀ ju ọmọ ìka lọ, kí wọ́n sì fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá jó òmíràn sí i láìfọwọ́ kan ohun tó yí i ká. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà ní Ìkejà, wọ́n gbówọ́ gidi, ṣùgbọ́n wọn kò sí ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́ ní iye tó tó. Ẹ má gbọ́ mi sódì, n kò kórìíra USB-C: ṣájà kan fún fóònù àti láptọ́ọ̀pù jẹ́ ohun tó dáa, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù sì ti mú un di dandan fún láptọ́ọ̀pù láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2026. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọn ì bá fi í sórí bọ́ọ̀dù kékeré tirẹ̀ tó ṣeé yọ.

Ọ̀rọ̀ bátìrì tún le ju èyí lọ fún wa, nítorí iná. T480 ní bátìrì méjì: kékeré kan nínú, òmíràn lẹ́yìn. Ẹni tí iná kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ lè yọ ti ẹ̀yìn nígbà tó bá gbẹ, kó ki òmíràn tó ti kún bọ̀ ọ́, ti inú á sì gbé ẹ̀rọ dúró láàárín kan náà, ìwé tó ń tẹ̀ kò sì ní sọnù. Bátìrì méjì nínú báàgì ń ṣe iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ fún odidi ọjọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ará Yamato má fi Nàìjíríà sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kó jẹ́ ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú jìnnà ni wọ́n ń rò, àmọ́ àwa la jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ gbè wọ́n lẹ́yìn lórí bí wọ́n ṣe mú un kúrò lọ́dún 2019 lè sọ pé bátìrì ti inú ti ń pẹ́ tó. Ó ń pẹ́ tó ní ọ́fíìsì tí ihò iná wà lábẹ́ gbogbo tábìlì.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yóò dá mi lóhùn, ìdáhùn wọn kì í sì í ṣe àwáwí. Wọ́n á ní irú rámù tí kì í jẹ iná púpọ̀, tí wọ́n ń pè ní LPDDR, nílò kí ọ̀nà tó so ó mọ́ ṣíípù àgbà kúrú gan-an. Ihò rámù àtijọ́ jìnnà jù fún un, àmì á dàrú lójú ọ̀nà. Jíjó o mọ́ bọ́ọ̀dù wà lára ohun tó ń jẹ́ kí bátìrì pẹ́ sí i. Wọ́n á ní ihò kọ̀ọ̀kan tí a bá fi sílẹ̀ jẹ́ ibi tí ìbàjẹ́ lè gbà wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ti ń di ìtàn. Dell ṣe irú ìdè rámù mìíràn tó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó fi í sínú Precision 7670 lọ́dún 2022. Àjọ JEDEC tó ń ṣètò ìlànà rámù lágbàáyé sọ ọ́ di ìlànà gbogbogbòò, CAMM2, ní ìparí ọdún 2023. Lọ́dún 2024, ThinkPad P1 jáde pẹ̀lú irú rẹ̀ tó ń gba LPDDR, tí ẹnikẹ́ni tó ní sikudiráfà lè yọ. Lọ́dún kan náà, Lenovo pe iFixit, àwọn tó ń tú ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì, láti bá wọn jókòó kí wọ́n tó parí T14 ìran karùn-ún. Rámù méjèèjì padà sínú ihò, iFixit sì fún un ní 9 nínú 10. Ẹ̀rọ náà kò sanra nítorí èyí. Láàárín ọdún 2019 sí 2024, ohun tí wọ́n sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe di ohun tó ṣeé ṣe, kò sì sí òfin ìṣẹ̀dá kankan tó yí padà láàárín wọn. Ohun tó yí padà ni pé ilẹ̀ Faransé ti sọ ọ́ di dandan láti oṣù Kìíní ọdún 2021 pé kí a lẹ máàkì bí ẹ̀rọ ṣe ṣeé tún ṣe sí mọ́ láptọ́ọ̀pù nínú ilé ìtajà, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti ṣòfin lọ́dún 2023 pé láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027, bátìrì irú ohun èlò báyìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó ni ín lè yọ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń rà á ló sọ̀rọ̀, wọ́n fi òfin sọ ọ́.

Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí kò wúlò, pé ìlànà ìṣiṣẹ́ inú ẹ̀rọ ló ń pa á, kì í ṣe bátìrì. Ó ní ẹ̀rí. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba ṣíípù Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, yàtọ̀ sí díẹ̀ péré. Nípa bẹ́ẹ̀, T480 tó ní ṣíípù ìran kẹjọ wọlé, T470 tí ó fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀ wà níta, bẹ́ẹ̀ irin kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Àwọn tó mọ Linux á yọ nínú rẹ̀, àwọn yòókù á máa lo ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe ààbò mọ́. Àmọ́ ẹ̀rí yìí ń ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ni: ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n tún fi kàlẹ́ńdà rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n. Pé ọ̀tá méjì ló dojú kọ ẹ̀rọ kò sọ pé ká jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọ̀kan.

Ẹni tó bá sì ní ká kúkú máa ra tuntun, kí ó wo iye tí dọ́là jẹ́. Kí Báǹkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báǹkì; kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Láptọ́ọ̀pù iléeṣẹ́ tuntun ti di ohun tí owó oṣù olùkọ́ púpọ̀ kò lè rà. Tòkunbọ̀ kì í ṣe àṣàyàn fún ọ̀pọ̀ wa, òun nìkan ló wà. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń rà ní ọ́fíìsì London lónìí ni a ó máa lò níbí ní ọdún mẹ́rin sí i. Àwọn T490 ti dé Ìkejà tipẹ́, pẹ̀lú ìdajì rámù wọn tí kò ṣeé yọ.

Agbára díẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ẹ̀yin tí mo sì fẹ́ bá sọ ọ́ ni ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé ríra ẹ̀rọ fún ìjọba ìpínlẹ̀, fún ilé ẹ̀kọ́, fún báǹkì àti fún ilé ìwòsàn. Ìwé tí ẹ máa ń kọ fún kọngílá kún fún irú ṣíípù, iye rámù àti bí ojú ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ lórí àtúnṣe. Ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ihò rámù kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ ṣófo tàbí kó ṣeé pààrọ̀. Pé bátìrì gbọ́dọ̀ ṣeé yọ pẹ̀lú sikudiráfà lásán, láìsí gọ́ọ̀mù. Pé ìwé àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà ní gbangba. Pé kọngílá gbọ́dọ̀ sọ ibi tí a ó ti máa rí kííbọọ̀dù àti bátìrì rà títí di ọdún keje. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kó gbé ọ̀kan wá, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ àtúnṣe kan láti Ìkejà tàbí láti ìlú yín jókòó tì yín. Ẹ fún un ní sikudiráfà rẹ̀, kó ṣí ẹ̀rọ náà lójú gbogbo yín, kó pààrọ̀ bátìrì àti rámù, kó sì tún un dì. Èyí tí kò bá ṣeé ṣí lórí tábìlì yín lọ́jọ́ náà, ẹ má rà á.